Ẹ̀ka Tí A Kì Í Dárúkọ Rẹ̀ ní Uwasota

Láti ọjọ́ tí mo ti dé, ìbéèrè kan náà ni gbogbo yín ń bi mí: ṣé ẹ̀rù ò bà mí ní Bìní? Ẹ ò béèrè bóyá mo jẹun, ẹ ò béèrè bóyá mo rí oorun sùn. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rù nìkan lẹ fẹ́ gbọ́. Ó dáa, ẹ̀rù bà mí. Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí ẹ mọ̀ mí láti kékeré mọ̀ pé aláǹgbá lásán lè lé mi jáde nílé ìwẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ ń rò kọ́ ló dẹ́rù bà mí. Ará Bìní kankan kò ṣe mí ní nǹkan. Gbólóhùn méjì tí mo fọwọ́ ara mi kọ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Igbó

A dé Òrè, a kọjá rẹ̀, igbó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ títì. Títí di ìgbà náà, ariwo ló kún inú mọ́tò. Ọkùnrin kan ń ṣàlàyé òṣèlú fún wa, obìnrin kan ń bá ọmọ rẹ̀ jà lórí fóònù. Nígbà tó yá, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ mọ́. Kò sẹ́ni tó pe orúkọ àwọn ajínigbé. Gbogbo wa kàn dákẹ́, a sì mọ ohun tí a torí ẹ̀ dákẹ́.

Obìnrin tó jókòó tì mí bọ́ yẹtí rẹ̀, ó kó o sínú bàtà. Èmi náà ò jáfara. Mo yọ fóònù mi, mo rì í mọ́nú gàrí tí mo ń gbé lọ fún ẹni tó máa gbà mí lálejò. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka sáàmù ní àkọ́sórí, mo sì rí i pé ẹsẹ̀ méjì péré ni mo mọ̀. Mo ń tún un kà ṣáá. A ò tíì rìn jìnnà tí ọkùnrin tó ń ṣàlàyé òṣèlú lẹ́ẹ̀kan fi yíjú sẹ́yìn, ó rọra ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, gàrí yín ń dún."

Gbogbo mọ́tò bú sẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mi ò rẹ́rìn-ín. Mo gbọn gàrí kúrò lára fóònù, mo gbé e sétí, Màmá Ìjẹ̀ṣà ló ń pè, ó fẹ́ mọ ibi tí mo dé. Mo ní mi ò mọ̀, igi nìkan ni mò ń rí.

Uwasota

Màmá Ìjẹ̀ṣà ni ẹni tó pè mí wá. Olùkọ́ ni ní yunifásítì kan nílùú náà, ó sì ti lé ní ogún ọdún tó ti ń gbé Uwasota. Obìnrin kúkúrú ni, ohùn rẹ̀ ga, gbogbo Yorùbá tó wà níbẹ̀ ló ń pè é bẹ́ẹ̀ nítorí Iléṣà ni baba rẹ̀ ti wá. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, erùpẹ̀ pupa ìlú náà ti kun ẹsẹ̀ mi dé kókósẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Ó ní, "Dìde, ọmọ mi, o kú ewu ọ̀nà. Kí ló dé tí fóònù ẹ fi ń run gàrí?"

Alábàágbé rẹ̀ kan, obìnrin Ẹdó, gbé oúnjẹ wọlé tọ̀ mí wá. Ó ti gbọ́ pé àlejò ń bọ̀, ló bá dáná. Ó kí mi, "Kóyo," ó sì jókòó síwájú mi, ó wò mí látòkè délẹ̀.

"How many years you be?" Kí n tó dáhùn, ó tún bi mí, "Wey your husband? Why you dry like this?"

Ẹ wo èmi tí wọ́n kọ́ pé a kì í béèrè ọjọ́ orí àgbàlagbà. Mi ò mọ ibi tí mo máa gbójú sí. Mo gbé e sínú àwo ọbẹ̀, ìyẹn náà tún kó mi láyà jẹ. Ọbẹ̀ náà dúdú bí omi aró. Iyán funfun ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ní kí n dọ́gbọ́n sọ pé mo ti jẹun lọ́nà, Màmá Ìjẹ̀ṣà ti mọ̀. "Ewé ni wọ́n lọ̀ tó dúdú bẹ́ẹ̀. Jẹ ẹ́." Mo gbé òkèlè kìn-ín-ní mì pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Òkèlè kejì, ẹ̀rù ti dín kù. Nígbà tó yá mo ń lá ọwọ́, obìnrin Ẹdó náà sì ń mi orí bí ẹni tó ti rí ìwòsàn àìsàn mi.

Àwòrán arúgbó obìnrin kan wà lára ògiri pálọ̀. Mo ṣàkíyèsí pé ìjókòó tó kẹ̀yìn sí i ni Màmá máa ń jókòó sí. Mo bèèrè pé ta nìyẹn. Ó ní, "Ìyá mi ni," ó dìde, ó lọ ń fọ abọ́ tí kò dọ̀tí. Ọ̀rọ̀ yé mi, mi ò bèèrè mọ́.

Airport Road

Ẹ mọ iṣẹ́ mi. Bí wọ́n bá ṣe ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni ò mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, èmi ni mo máa ń kọ ìwé ìlò rẹ̀ lédè Yorùbá. Mo ti kọ ti ẹ̀rọ ìlọta, mo ti kọ ti sítóòfù gáàsì. Ti Màmá Ìjẹ̀ṣà yàtọ̀. Fún ọdún mọ́kànlá ni òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti ń gba ìtàn ẹnu àwọn arúgbó Yorùbá tó ti ìgbà èwe wá ṣòwò ní Bìní. Ọ̀pọ̀ wọn ti kú. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà, nínú irinṣẹ́ kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó má gbàgbé. Bí ẹnikẹ́ni bá yí nǹkan padà, irinṣẹ́ náà á tọ́jú ti tẹ́lẹ̀, á kọ orúkọ ẹni tó yí i, á sì ní kí onítọ̀hún kọ ìdí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ á kọ́kọ́ ya ẹ̀ka tirẹ̀ lára ìtí igi, ìyẹn ojúlówó iṣẹ́ tí gbogbo wọn jọ ní. Bí iṣẹ́ bá parí, wọ́n á so ẹ̀ka náà pọ̀ mọ́ ìtí. Ẹ̀ka tí wọ́n bá gé láìtíì so ó nìkan ni irinṣẹ́ náà kì í tọ́jú pẹ́.

Ẹ̀ka ti wá pọ̀ jù. Màmá fẹ́ lo ẹ̀rọ aṣojú, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí a lè fi iṣẹ́ rán, tó máa ka ìwé ìlò fúnra rẹ̀, tó sì máa ṣe é láìsí ẹni tó jókòó tì í. Ìwé tí ẹ̀rọ náà máa kà ni mo wá kọ. Ẹ gbọ́ mi yé o: látọjọ́ tí mo ti ń kọ̀wé, ènìyàn ni mò ń kọ ọ́ fún. Ènìyàn á kà á, á ronú sí i, á bèèrè lọ́wọ́ aládùúgbò. Èyí kò ní aládùúgbò.

Yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù ní Airport Road la ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Títí ló ń bójú tó kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Ará Ìkìrun làwọn òbí rẹ̀, Bìní ni wọ́n bí i sí, ó gbọ́ gbogbo Yorùbá tí mo ń sọ dé orí òwe, ṣùgbọ́n pííjìn ló fi ń dá mi lóhùn.

Ó kìlọ̀ fún mi lọ́jọ́ kìn-ín-ní. "Aunty, this thing go do wetin you write. E no go look your face."

Mo ní mo ti gbọ́. Mi ò tíì gbọ́ rárá.

Nínú orúkọ àwọn ẹ̀ka, mo rí ọ̀kan tí wọ́n pè ní "ìyá". Ọdún mẹ́rin gbáko, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Mo bi Títí. Ó kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"That one na Mama own. We no dey talk am."

Díẹ̀díẹ̀ ló sọ ìyókù. Ìyá Màmá ta abọ́ tánganran ní ọjà Oliha fún nǹkan bí ogójì ọdún. Kó tó kú, ó jókòó ti ọmọ rẹ̀, ó sì sọ gbogbo ayé rẹ̀ fún un láti ọjọ́ tó wọ Bìní ní ìyàwó tuntun. Orí mẹ́rìnlá ni Màmá kọ ọ́ sí. Fóònù tó fi gba ohùn ìyá náà sílẹ̀ já sómi, kò sì jí mọ́. Èyí tó wà lórí ẹ̀ka yẹn nìkan ló kù láyé. Lẹ́yìn ìsìnkú, Màmá kò ṣí i mọ́, kò jẹ́ kí wọ́n so ó mọ́ ìtí, kò sì sọ̀rọ̀ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá dé á kàn rí i bí gbogbo ènìyàn ṣe ń yí ojú kúrò níbẹ̀, òun náà á yí ojú tirẹ̀.

Nígbà tí mo wá dé ibi tí mo ti máa kọ ọ́ sínú ìwé, ọwọ́ mi kọ̀. Báwo ni mo ṣe máa kọ ọ̀rọ̀ òkú ìyá àgbàlagbà sínú ìwé ìlò, tí òun fúnra rẹ̀ á sì kà á? Ìwọ̀sí ni. Mo kọ ọ́ báyìí:

"Ẹ̀ka tí kò bá sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án fún ọdún kan, kí a gé e kúrò. Ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra fún èyí tó yẹ ká ṣọ́ra fún."

Títí kà á, ó wò mí, ó mi orí pé ó dáa. Màmá Ìjẹ̀ṣà kà á, ó tún gbólóhùn kejì kà, òun náà mi orí. "O káre," ló wí. Ó yé àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀, á di odidi. Inú mi dùn débi pé mo fi gbólóhùn yẹn yangàn fún ara mi nínú dígí.

Oliha

Àárọ̀ ọjọ́ tí a fi iṣẹ́ rán ẹ̀rọ náà, mi ò lè jókòó síbẹ̀ kí n máa wò ó. Mo gba ọjà Oliha lọ. Mo fẹ́ rí ibi tí ìyá náà ti ta abọ́, mo sì tún fẹ́ ra ìgbín.

Mo rìn títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Ìyá kan ń ta ewé, àpótí ìjókòó kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí kò sẹ́ni lórí rẹ̀. Mo dúró, mo kí i, mo ní, "Mama, this sun hot o. Leg dey pain me."

"Sorry," ló fi dá mi lóhùn. Ó ń ṣa ewé rẹ̀ lọ.

Mo dúró síbẹ̀. Mo mí kanlẹ̀. Mo fi ọwọ́ ra orúnkún. Kò gbójú sókè. Ó dùn mí gan-an, mo ní ṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe sí àlejò nílùú yìí? Nígbà tí mi ò lè dúró mọ́, mo ní, "Mama, abeg, make I sit down."

Ó fò dìde. Ó nu àpótí náà, ó fà mí jókòó, ó bu omi fún mi, ó sì fi abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ fẹ́ mi. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi jà. "Why you no talk since? Abi I be winch wey go know wetin dey your mind?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Ẹdó kan ṣoṣo tí mo ti kọ́, "Uruese," òun náà sì rẹ́rìn-ín sí bí mo ṣe pè é. Mo fi ẹsẹ̀ tó ti sinmi gba Airport Road lọ, mi ò sì kọ́ ẹ̀kọ́ kankan nínú ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí mi.

Ìjábọ̀

Títí ti jáde lọ ra oúnjẹ. Mo ṣí kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ náà ti parí iṣẹ́, ó sì ti kọ ìjábọ̀ sílẹ̀.

"Mo ti ṣe gẹ́gẹ́ bí ìwé ìlò ti wí. Ẹ̀ka mẹ́sàn-án ni kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn fún ọdún kan. Mo ti gé wọn. Mo wá èyí tó yẹ ká ṣọ́ra fún, ṣùgbọ́n ìwé náà kò dárúkọ ọ̀kankan. Orúkọ wọn nìyí."

Lórí ìlà kẹta ni mo ti rí "ìyá".

Mo pa kọ̀ǹpútà náà dé. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti bẹ̀rù rí, ṣùgbọ́n eléyìí yàtọ̀. Ìgbín tí mo rà ń rìn lọ lórí tábìlì, mi ò lè na ọwọ́ mú un. Ohun tó ń lọ lọ́kàn mi kò ju pé arúgbó kan jókòó, ó sọ ayé rẹ̀ tán, èmi sì ti pa á lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí.

Títí wọlé, ó bá mi bẹ́ẹ̀. "Aunty, wetin happen?"

Mo sọ fún un. Ó ká ọwọ́ lé orí, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, "You must tell Mama. Today. Straight."

"A kì í sọ irú rẹ̀ báyẹn, Títí. A máa ń rọra túfọ̀ ni. Ká wá àgbàlagbà kan láti ṣọ́ọ̀ṣì, kó bá wa—"

"Aunty! Na so we take reach here."

Uwasota lẹ́ẹ̀kejì

Oòrùn ṣì mú nígbà tí mo dé ilé. Màmá Ìjẹ̀ṣà ń ṣa ẹ̀wà nínú àtẹ, ó kẹ̀yìn sí àwòrán bó ti máa ń ṣe. Gbogbo ọ̀nà ni mo ti ń sọ ọ́ lọ́kàn ara mi pé màá sọ ọ́ gbangba. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹun."

"Ara yín le? Ẹ ti mu omi?"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú ẹ̀wà. Mo rí i tí ojú rẹ̀ ń yí padà. Yorùbá ni, ó mọ ohun tí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ máa ń ṣáájú.

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, mà."

"Má tàn mí. Ta ló kú?" Ó ti ń wá fóònù rẹ̀ káàkiri. Ìgbà yẹn ni mo rí ohun tí mò ń ṣe sí i. Mò ń fi ẹ̀rù tèmi pa obìnrin náà.

"Ẹ̀ka ìyá yín ni, mà. Ẹ̀rọ náà ti gé e. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kó má gé e. Èmi ló yẹ kí n kọ ọ́, mi ò kọ ọ́. Ojú yín ni mò ń wò."

Mo dojú bolẹ̀, mò ń retí igbe. Kò ké. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ tó máa ń ga ti lọ sílẹ̀ pátápátá.

"Ọdún mẹ́rin rèé. Ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó dárúkọ rẹ̀ fún mi." Ó gbé àtẹ sílẹ̀. "Ìjábọ̀ tí ẹ̀rọ náà kọ, ṣé o kà á tán?"

"Rárá, mà."

"Kí ló dé?"

"Ẹ̀rù bà mí."

"Gbé e wá." Mo fa ìwé tí Títí tẹ̀ ẹ́ sí fún mi yọ nínú báàgì.

Bí ẹni tó ti ń máàkì iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ fún ọgbọ̀n ọdún ló ṣe kà á. Ó ń fi ìka tẹ̀ lé e ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan ni ẹ̀rọ náà to nọ́ńbà àti lẹ́tà kan sí, èyí tí mi ò tilẹ̀ wò. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀, ibi tí ojú mi kò dé, ó kọ ọ́ pé: "Nọ́ńbà wọ̀nyí ló fi ibi tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan dé hàn kí n tó gé e. Bí mo bá ṣàṣìṣe lórí èyíkéyìí, ẹ fi nọ́ńbà rẹ̀ pè é padà kó tó pẹ́ jù."

Màmá Ìjẹ̀ṣà yíjú sí mi. "Ẹ̀rọ yìí sọ tirẹ̀ tán," ló wí.

Ó pe Títí lórí fóònù, ó ka nọ́ńbà náà fún un lẹ́tà kan lẹ́yìn ìkejì, bí olùkọ́ ṣe ń pe àpèkọ. Ó wá gbé fóònù náà kalẹ̀ láàárín wa. A ń gbọ́ bí Títí ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ìró títẹ̀ náà dúró. Mo di etí àtẹ ẹ̀wà mú. Mi ò mọ̀ bóyá ó ti pẹ́ jù, Màmá náà kò mọ̀, ó sì ti di apá aṣọ mi mú láìmọ̀.

"Mama?" Ohùn Títí jáde. Ó sì bọ́ sí Yorùbá, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀: "Màmá, wọ́n ti dé. Mẹ́rìnlá. Wọ́n pé."

Màmá Ìjẹ̀ṣà sọ̀ kalẹ̀ láti orí ìjókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí mo wà, ó sì sunkún. Èmi náà sunkún. Obìnrin Ẹdó sáré wọlé, ó bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, Màmá sì dá a lóhùn láìyí ọ̀rọ̀ po, "Na my mama." Obìnrin náà jókòó tì wá.

Nígbà tí Màmá nu ojú tán, ó ní kí n ṣí ìwé ìlò mi, kí n pa gbólóhùn kejì rẹ́. "Kọ ọ́ tán."

Mo kọ ọ́: "Má gé ẹ̀ka tó ń jẹ́ 'ìyá'. Má so ó mọ́ ìtí. Ìyá ẹni tó ni iṣẹ́ yìí ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ó ti kú, kò sì sí ẹ̀dà mìíràn. Ọmọ rẹ̀ kò tíì lè kà á."

Mo ka gbogbo rẹ̀ sókè fún un. Ó gbọ́ ọ dé òpin. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

Ọ̀nà ilé

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo padà. Obìnrin Ẹdó di ọbẹ̀ dúdú fún mi, ó sì sọ fún mi lójúkojú pé mo ti sanra díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì tó.

Mọ́tò wọ igbó. Ẹnu gbogbo ènìyàn pa. Obìnrin kan ń bọ́ yẹtí rẹ̀. Èmi di fóònù mú lọ́wọ́ lọ́tẹ̀ yìí, mi ò fẹ́ kó tún dún nínú oúnjẹ, ni iṣẹ́ kan bá wọlé láti ọ̀dọ̀ Màmá Ìjẹ̀ṣà. Àwòrán ojú kọ̀ǹpútà ló fi ránṣẹ́. Lórí ẹ̀ka ìyá, àyípadà tuntun kan wà níbẹ̀, àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́rin. Lẹ́tà kan ṣoṣo tó ṣì tẹ̀ nígbà náà ló tún ṣe. Orúkọ Màmá wà níbẹ̀. Níbi tí irinṣẹ́ náà ti máa ń béèrè ìdí, ó kọ ọ́ pé:

"Mo ti ka orí kìn-ín-ní. Ìyá mi ń pè mí lórúkọ níbẹ̀. Ó ku mẹ́tàlá."

Mo kà á tán, mo tún un kà. Nígbà tí mo fi máa gbójú sókè, a ti jáde nínú igbó.